Ta Ni Atọ́kùn Wọn? Àlàyé Lórí Ìdí Tí Ìlú Fi Ń Gba Ẹgbẹ́ Akọni Kan Tí Ó Sì Ń Kọ Òmíràn Nínú Ìwé Àwòrán

Ní ọdún 1963, ilé iṣẹ́ Marvel ní ìlú New York gbé ìwé àwòrán tuntun méjì jáde. Oṣù kan náà, oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n tẹ̀ sára èèpo iwájú àwọn méjèèjì, àwọn ènìyàn kan náà ló sì ṣe wọ́n: Stan Lee ló kọ ọ̀rọ̀, Jack Kirby ló ya àwòrán. Ìwé kan sọ ìtàn ẹgbẹ́ akọni tí wọ́n ń pè ní Avengers, èkejì sọ ti àwọn X-Men. Ẹgbẹ́ méjèèjì ní agbára abàmì, ayé kan náà ni wọ́n ń gbé, àwọn tó fẹ́ ba ayé náà jẹ́ ni wọ́n sì ń bá jà. Síbẹ̀, bí àwọn Avengers bá ń kọjá lọ ní títì, àwọn ará ìlú a máa pàtẹ́wọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àwọn X-Men ni, wọn a máa pe ọmọ wọn wọlé, àwọn mìíràn a sì máa wá òkò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, ló fi ọ̀rọ̀ yìí dá mi lẹ́kun nílé wa ní Àjàṣẹ́, tí àwọn kan ń pè ní Porto-Novo. Ó ti wo fíìmù àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì, ó sì ń ka ìwé wọn tí ó rà ní àlòkù ní ọjà Ouando. Ó ní, “Tọ́ńtọ́ǹ, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn ará ìlú yẹn ò mọ̀ pé X-Men ló gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́sí ni?” Mo dá a lóhùn kíá pé wọ́n kórìíra àwọn X-Men nítorí pé a bí agbára wọn mọ́ wọn ni, nígbà tí àwọn tó kù rí tiwọn gbà láti inú oògùn, ẹ̀rọ tàbí ìjàǹbá. Èsì tí gbogbo ènìyàn máa ń fúnni nìyẹn. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó, ọmọ náà sì mọ̀ pé kò tó, nítorí Thor tí í ṣe ọmọ òrìṣà wà nínú àwọn Avengers, a bí agbára mọ́ òun náà, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ lókò. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni èsì kejì, èyí tí mo rò pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ fún un.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìwé tí mo ń wí. Ìwé ìtàn aláwòrán ni, èyí tí àwa tó kàwé ní èdè Faransé ń pè ní bédé, tí akọni inú rẹ̀ máa ń wọ aṣọ tó gbá a mọ́ra, tí ó sì sábà máa ń bojú. Àwọn àgbà díẹ̀ nínú wa mọ àwọn akọni wọ̀nyí láti inú Strange, ìwé oṣooṣù tí ilé ìtẹ̀wé Lug ní ìlú Lyon bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, níbi tí Spider-Man ti ń jẹ́ l’Araignée. Ní èdè Faransé ni àwọn Avengers ti di les Vengeurs, tí Fantastic Four sì di les Quatre Fantastiques. Èmi yóò máa lo orúkọ tí wọ́n jẹ́ nílé wọn.

Ẹni tó dàgbà ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu ti mọ ọ̀rọ̀ ẹni tó bojú kí ó tó mọ ìwé kíkà. Nígbà tí egúngún bá jáde, a kì í béèrè ẹni tó wà nínú agọ̀, ẹni tó bá sì béèrè ń wá ìjàngbọ̀n. Ṣùgbọ́n atọ́kùn ń bá egúngún rìn, ojú atọ́kùn kò sì farasin. Bí pàṣán bá ba ẹni tí kò yẹ kó bà, tàbí bí eré egúngún bá da igbá ata oníṣòwò nù, kò sẹ́ni tí yóò bá agọ̀ ṣẹjọ́. Atọ́kùn ni a ó dá dúró, tàbí kí a lọ sí agbo ilé tí egúngún náà ti jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni Zangbéto, olùṣọ́ òru àwọn Ègùn tí a jọ ń gbé ìlú kan náà. Àwọn tó ni í sọ pé kò sí ènìyàn lábẹ́ aṣọ ìko rẹ̀ rárá, síbẹ̀ gbogbo àdúgbò mọ ilé tí ó ti ń jáde àti olórí tí ó wà níbẹ̀. Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tilẹ̀ tún yàtọ̀. Nínú eré tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tí ó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò yìí, ẹni tó gbé ère lérí kò farapamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Kétu mọ̀ ọ́n, wọn a sì máa pè é lórúkọ bí ó bá jó dáadáa.

Nítorí náà, nílẹ̀ wa, ìbòjú nìkan kò tíì ba ẹnikẹ́ni jẹ́ lójú ìlú. Ohun tí ìlú ń fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí yóò jíhìn. Bí a bá gbé ìbéèrè yìí lé àwọn ẹgbẹ́ akọni inú ìwé àwòrán lórí, púpọ̀ nínú ohun tó rú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lójú ni yóò tú.

Ẹ jẹ́ kí a fi Fantastic Four bẹ̀rẹ̀, tí ìwé wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1961. Àwọn mẹ́rin yìí kò bojú rárá. Gbogbo New York mọ orúkọ wọn, wọ́n mọ ilé gíga tí wọ́n ń gbé, wọ́n mọ̀ pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wà nínú wọn àti pé ọ̀kan ń fẹ́ ọ̀kan. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pọ́ńbélé ni wọ́n. Síbẹ̀ nínú ìwé kejì wọn, àwọn àjèjì láti òde ọ̀run tí wọ́n ń jẹ́ Skrull pa àwọ̀ dà, wọ́n gbé ojú àwọn mẹ́rin náà wọ̀, wọ́n sì lọ ń jalè, wọ́n ń ba nǹkan jẹ́ káàkiri. Kíá ni ìlú yí padà, tí àwọn ọmọ ogun sì ń dọdẹ àwọn akọni tí wọ́n ń yìn tẹ́lẹ̀. Ohun tó gbà wọ́n sílẹ̀ ni pé ẹni tí a mọ̀ lè jáde wá wí tẹnu rẹ̀: wọ́n mú àwọn Skrull náà, wọ́n sì fi wọ́n han ìjọba. (Àwọn Skrull tó ṣẹ́kù ni wọ́n sọ di màlúù tó ń jẹko ní pápá, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àwọn ará Amẹ́ríkà kò mọ àlọ́ pa.)

Ti àwọn Avengers gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń bojú, ṣùgbọ́n ilé wọn wà ní òpópónà Fifth Avenue, ilé olówó kan tí gbogbo ènìyàn lè nàka sí, ìjọba sì mọ̀ wọ́n. Ìdánwò wọn gidi dé ní ọdún 1965, nínú ìwé kẹrìndínlógún, nígbà tí àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ gba ìsinmi, tí ó wá ku Captain America nìkan pẹ̀lú àwọn mẹ́ta tuntun: Hawkeye, Quicksilver àti Scarlet Witch. Arúfin ni wọ́n ka àwọn mẹ́ta yìí sí tẹ́lẹ̀. Hawkeye ti bá Iron Man, ọ̀kan nínú àwọn Avengers, jà, àwọn méjì yòókù, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ti wà lọ́dọ̀ Magneto tí í ṣe ọ̀tá àwọn X-Men. Ẹ kíyè sí i pé mútáńtì ni wọ́n pe Quicksilver àti Scarlet Witch nínú ìtàn náà, èyí ni pé a bí agbára mọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí a ti bí i mọ́ àwọn X-Men. Síbẹ̀, ìlú kò sọ wọ́n lókò, wọ́n kàn ń kùn. Kí ló fà á? Captain America dúró níwájú wọn. Òun ni atọ́kùn: bí wọ́n bá ṣìṣe, òun ni ìlú yóò mú. Nígbà tí mo fi ibí yìí han ọmọ náà, ó ní nígbà náà, ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ìbí nìkan. Mo ní òótọ́ ni.

Ní ti àwọn X-Men, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Westchester, lẹ́yìn òde New York, ni wọ́n fara pamọ́ sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Xavier, tí ó ń kọ́ wọn, kì í jẹ́ kí ayé mọ̀ pé mútáńtì ni òun fúnra rẹ̀. Lójú àwọn ará àdúgbò, ilé ìwé àwọn ọmọ olówó ni wọ́n ń wò. Wọn a jáde, wọn a jà, wọn a ba ògiri díẹ̀ jẹ́, wọn a gba ènìyàn là, wọn a sì pòórá. Kò sí ilé tí a lè lọ dúpẹ́, kò sí ilé tí a lè lọ rojọ́. Xavier ní ìdí tirẹ̀, nítorí bí ayé bá mọ ibi tí àwọn ọmọ náà ń gbé, wọn yóò wá jó o. Ṣùgbọ́n ìfarapamọ́ náà gan-an ló ń bọ́ ẹ̀rù tí wọ́n ń sá fún.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà pé mo ti ju ọ̀rọ̀ ìbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wúwo. Ẹni tó di alágbára nítorí ìjàǹbá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹni tí a bí agbára mọ́ ń sọ fún òbí gbogbo pé ọmọ tó wà nínú oyún lè jẹ́ irú rẹ̀. Àwọn àgbà wa sọ fún wa pé àkókò kan wà tí ilẹ̀ Yorùbá ń bẹ̀rù ìbejì tí kò fẹ́ wọn rí, kí ó tó di pé a ń ki wọ́n pé wọ́n bẹ́ sílé alákìísà, wọ́n sọ alákìísà di onígba aṣọ. Àwọn òǹkọ̀wé X-Men ń wá irú ìyípadà yẹn fún àwọn ọmọ inú ìwé wọn, wọn kò sì tíì jẹ́ kí ó dé.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn X-Men ti gbà wá ojú rere ìlú, ibí yìí ni ìtàn náà sì ti dùn jù fún mi, nítorí púpọ̀ nínú ọgbọ́n wọn kò gbọ́n. Ní ọdún 1986, àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ X-Factor. Wọ́n ṣe bí ẹni pé ọdẹ mútáńtì ni àwọn. Wọ́n ń polówó ara wọn, ẹni tí ẹ̀rù mútáńtì bá ń bà a pè wọ́n, a sanwó, wọn a wá gbé ọmọ náà lọ, tí wọn yóò sì máa kọ́ ọ ní ìkọ̀kọ̀ bí a ti ń ṣàkóso agbára rẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n ń fi ẹ̀rù ìlú pawó láti fi gba àwọn tí ìlú ń bẹ̀rù là. Ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀rù ejò kúrò lára ọmọdé kì í kiri oògùn ejò káàkiri àdúgbò. Nínú ìwé náà gan-an, àwọn fúnra wọn wá rí i nígbẹ̀yìn pé ìpolówó àwọn ń dá kún ìkórìíra ni, wọ́n sì ní láti fi í sílẹ̀.

Ìgbìyànjú tó tẹ́ mi lọ́rùn ju ìyẹn lọ wà nínú Astonishing X-Men ti ọdún 2004, tí Joss Whedon kọ tí John Cassaday sì ya àwòrán rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, àwọn X-Men ti bọ́ aṣọ aláràbarà wọn sílẹ̀, awọ dúdú ni wọ́n ń wọ̀ bí àwọn inú fíìmù tó jáde ní ọdún 2000. Cyclops, tí í ṣe olórí wọn, kó wọn jọ, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n padà sí aṣọ aláràbarà, kí wọ́n sì máa jáde lọ gba ènìyàn là ní ojú gbogbo ayé bí àwọn ẹgbẹ́ akọni yòókù. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Àwa tí a ń dá ẹgbẹ́jọdá mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogún ènìyàn bá wọ aṣọ kan náà lọ sí òde, àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ ẹni tí ó yẹ kó bi léèrè omi. Awọ dúdú ń sọ pé ọmọ ogun ni wá, ẹ yà lọ́nà. Aṣọ aláwọ̀ ìyeyè àti búlúù ń sọ pé àwa rèé, ẹ wò wá dáadáa. Cyclops mọ̀ pé ìlú kò ní dáwọ́ ìbẹ̀rù dúró nítorí aṣọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tí a kò rí dáadáa kò lè ní orúkọ rere.

Ìkẹta fa àríyànjiyàn láàárín àwọn òǹkàwé gidi. Ní ọdún 2012, lẹ́yìn ogun kan láàárín Avengers àti X-Men nínú èyí tí Cyclops pa Xavier, Captain America kó mútáńtì àti ẹni tí kì í ṣe mútáńtì pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan, kí ìlú lè rí i pé wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́. Ìwé náà ni Uncanny Avengers, Rick Remender ló kọ ọ́. Wọ́n fi Havok, àbúrò Cyclops, ṣe olórí. Nínú ìwé karùn-ún, ní ọdún 2013, Havok dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó sì ní òun kò fẹ́ kí a máa fi orúkọ mútáńtì pe òun mọ́. Kí a kàn máa pe òun ní orúkọ òun. Àwọn òǹkàwé kan ní ọ̀rọ̀ àlàáfíà ni. Púpọ̀ bínú, wọ́n ní bí ìtẹ́wọ́gbà bá béèrè pé kí ènìyàn fi orúkọ ìran rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n gbà wọlé. Èmi wà pẹ̀lú àwọn tó bínú, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó ń ṣe Havok. Àwa tí àwọn Faransé kọ Nàgó sínú ìwé wọn mọ bí ó ti rí kí ẹlòmíràn sọ ènìyàn lórúkọ, a sì mọ̀ pé àwọn kan nínú wa gbé orúkọ náà wọ̀ títí ó fi di ohun ìyangàn. Havok ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Òun gẹ́gẹ́ bí atọ́kùn kò gbọdọ̀ sọ fún ìlú pé kò sí egúngún níhìn-ín.

Ó tó àkókò láti dé orí ìwé tí àwọn tó ń wo fíìmù mọ̀ jù, tí ó sì tún rú wọn lójú jù: Civil War, tí Mark Millar kọ tí Steve McNiven ya, láàárín ọdún 2006 sí 2007. Ìtàn inú ìwé kì í ṣe ti inú fíìmù, kí ẹni tó ti wo fíìmù fi ìyẹn sọ́kàn. Nínú ìwé, àwọn ọ̀dọ́ akọni kan tí ń jẹ́ New Warriors ń ṣe ètò tẹlifísàn: kámẹ́rà ń tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ti ń mú ọ̀daràn. Wọ́n lọ ká àwọn kan mọ́lé ní ìlú Stamford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀daràn náà, Nitro, tí ara rẹ̀ máa ń bú gbàù bí bọ́ǹbù, bú nítòsí ilé ẹ̀kọ́ kan. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ènìyàn tó kú, àwọn ọmọ kéékèèké sì wà nínú wọn. Níbi ìsìn òkú, ìyá ọmọ kan tutọ́ sí Tony Stark, tí í ṣe Iron Man, lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lára àwọn tó lọ ká àwọn ọ̀daràn náà mọ́lé. Mo máa ń dúró pẹ́ lórí ojú ìwé yẹn. Obìnrin náà ń wá atọ́kùn. Stark ni ẹni tí ó mọ̀ nínú gbogbo wọn, òun ló sì mú.

Ìjọba wá ṣe òfin pé kí gbogbo ẹni tó ní agbára fi orúkọ àti ojú rẹ̀ hàn fún ìjọba, kí ó gba ẹ̀kọ́, kí ó sì máa gba owó oṣù bí ọlọ́pàá. Iron Man gbà á, Captain America kọ̀ ọ́. Iron Man ní ẹni tó ní agbára láti wó ilé gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa jábọ̀ fún. Captain America ní bí akọni bá di òṣìṣẹ́ ìjọba, ìjọba ni yóò máa sọ ẹni tí í ṣe ọ̀tá fún un, ọ̀tá ọdún yìí sì lè máà jẹ́ ọ̀tá òdodo. Spider-Man tẹ̀ lé Iron Man, ó sì ṣíjú rẹ̀ níwájú gbogbo oníròyìn. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ìbọn ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ rán fi ba ìyá arúgbó tó tọ́ ọ dàgbà.

Àwọn òǹkàwé ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó jàre. Lójú tèmi, òfin náà lẹ ohun méjì pọ̀ tí ó yẹ kó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdí sì nìyí tí ìjà náà kò fi lè parí dáadáa. Ìlú fẹ́ ẹni tí yóò jíhìn. Ìjọba wá ní kí a bọ́ agọ̀. Ẹni tó bá mọ egúngún mọ̀ pé ènìyàn lè ní èkíní láìṣe èkejì. Bí òfin náà bá béèrè fún ilé tí a mọ̀, olórí tí a mọ̀ àti ọ̀nà tí ẹni tí a ṣẹ̀ lè gbà gbẹ̀san tàbí gba owó ìtanràn, n kò rò pé Captain America ì bá ti gbé apata rẹ̀. Níparí ìwé keje, nígbà tí ó fẹ́ gún Iron Man mọ́lẹ̀ pátápátá, àwọn panápaná, ọlọ́pàá àti àwọn aláṣọ lásán ló rọ́ mọ́ ọn tí wọ́n fà á sẹ́yìn. Ó wò yíká, ó rí ìlú tí ìjà wọn ti bàjẹ́, ó sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n dè é. Láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ kan nínú méjèèjì dá ará ìlú lóhùn.

Ọ̀rọ̀ bíbọ́ agọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Justice Society of America, tí í ṣe ẹgbẹ́ akọni àkọ́kọ́ nínú irú ìwé yìí, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1940, ìwé wọn sì dáwọ́ dúró ní ọdún 1951 nítorí pé ọjà wọn kò tà mọ́. Ní ọdún 1979, ilé iṣẹ́ DC, tó ni ìwé wọn, tẹ ìtàn kan tí ó ṣàlàyé ohun tó gbé wọn lọ: ìgbìmọ̀ aṣòfin pè wọ́n, ó ní kí wọ́n ṣíjú kí a lè mọ̀ bóyá olóòótọ́ sí Amẹ́ríkà ni wọ́n, wọ́n sì kọ̀, wọ́n pòórá níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n fi iṣẹ́ akọni sílẹ̀. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó ń tẹ ìwé àwòrán kò ní irú ọkàn líle bẹ́ẹ̀ nígbà tó kàn wọ́n. Ní ọdún 1954, ìgbìmọ̀ kan láti ilé aṣòfin àgbà jókòó ní New York láti wádìí bóyá ìwé àwòrán ń ba ọmọdé jẹ́, lọ́dún kan náà sì ni àwọn oníṣòwò náà dá Comics Code sílẹ̀, òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù sára èèpo ìwé láti fi han òbí pé ìwé náà mọ́. Àwọn ni wọ́n yan atọ́kùn lé ara wọn lórí. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje ọdún 1949 ló ń ṣọ́ ìwé àwọn ọmọdé, ìgbìmọ̀ tí òfin yìí gbé kalẹ̀ ló sì mú kí Fantask, ìwé tí Lug fi kọ́kọ́ gbé àwọn akọni Marvel wá ní ọdún 1969, kú lẹ́yìn ìtẹ̀jáde méje. Strange tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì máa ń pa àwọn àwòrán tó le jù rẹ́ níbẹ̀ kí ìgbìmọ̀ má bàa bínú.

A tún gbọ́dọ̀ fi ojú kejì wo ọ̀rọ̀ náà, nítorí ìlú lè tẹ́wọ́ gba ẹni tí kò yẹ. Ní ọdún 1997, lẹ́yìn tí gbogbo ayé rò pé àwọn Avengers àti Fantastic Four ti kú, ẹgbẹ́ tuntun kan yọ tí ó ń jẹ́ Thunderbolts. Kurt Busiek ló kọ ọ́, Mark Bagley ló ya á. Wọ́n ń tún ilé kọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí oníròyìn, ìlú sì fẹ́ràn wọn kíákíá. Ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ni òǹkàwé ti wá mọ̀ pé àwọn ọ̀daràn ẹgbẹ́ Masters of Evil ni wọ́n, pé Baron Zemo ló kó wọn jọ láti fi ìfẹ́ ìlú jí ìlú náà. Ohun tí Zemo kò ṣírò mọ́ ọn ni pé dídùn wà nínú kí ènìyàn máa kọjá kí àwọn ọmọdé máa kí i. Àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí irọ́ náà di òótọ́.

Mo fẹ́ kọjá lára Justice League, ẹgbẹ́ akọni DC mìíràn, ti ọdún 1987 kíákíá, nítorí ọ̀ràn tirẹ̀ kò díjú: oníṣòwò kan bá wọn wá ojú rere Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n sì ní ilé aṣojú ní àwọn orílẹ̀-èdè. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n gbà. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí kò ní ìṣòro tí a ń sọ yìí, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó kọ ọ́ fi sọ ọ́ di ìtàn ẹ̀fẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè ohun kan tó kù. Ó ní bí àwọn òǹkọ̀wé bá mọ gbogbo èyí, kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí X-Men rí ìtẹ́wọ́gbà lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún? Owó ni mo fi dá a lóhùn. Láàárín ọdún 1970 sí 1975, ọjà X-Men kú débi pé ìtàn àtijọ́ ni Marvel kàn ń tún tẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975, tí Chris Claremont sì gba kálámù, ó fi ọdún mẹ́rìndínlógún tẹ̀ lé ìkórìíra náà jinlẹ̀jinlẹ̀, ìwé náà sì di èyí tó ń tà jù. Ìwé X-Men kan tó jáde ní ọdún 1991 tà ju mílíọ̀nù mẹ́jọ ẹ̀dà lọ. Ìlú inú ìwé ń sọ wọ́n lókò, ìlú tó wà lẹ́yìn ìwé ń tò lórí ìlà láti rà wọ́n. Oníṣòwò wo ni yóò bá irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣeré?

Síbẹ̀ wọ́n ń gbìyànjú. Ní ọdún 2019, Jonathan Hickman kọ ìtàn kan nínú èyí tí àwọn mútáńtì kó lọ sí erékùṣù kan tí ń jẹ́ Krakoa, wọ́n sọ ọ́ di orílẹ̀-èdè, wọ́n sì fi oògùn ṣe pàṣípààrọ̀: oògùn tó ń fi ọdún márùn-ún kún ẹ̀mí ènìyàn, òmíràn tó ń wo àrùn ọpọlọ, fún orílẹ̀-èdè tó bá gbà pé Krakoa náà jẹ́ orílẹ̀-èdè. Wọ́n kò béèrè fún ìfẹ́ mọ́. Wọ́n ń ná ọjà. Ó pẹ́ ní nǹkan bí ọdún márùn-ún kí ó tó túká. Nínú ìwé X-Men tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024, Cyclops àti àwọn tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀ ń gbé ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Merle ní Alaska, nínú ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan tí wọ́n ti ń rọ àwọn ẹ̀rọ tó ń pa mútáńtì. Àwọn ará ìlú náà ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, inú wọn kò sì dùn tó. Mo fi ìwé náà han ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kò sọ̀rọ̀ nípa ìjà kankan nínú rẹ̀. Ó nàka sí ilé iṣẹ́ náà, ó ní, “Tọ́ńtọ́ǹ, wọ́n ti ní ilẹ̀kùn báyìí,” ó sì ṣí ojú ìwé tó kàn láti wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ kàn án.